Eré Ìkórè àti Ọkùnrin Tó Ń Kan Ilẹ̀kùn

Ọjọ́rú, 8 Oṣù Kẹwàá
Ìwé ẹ̀kọ́ ti ọ̀sẹ̀ yìí dé sórí fóònù. Ilé ni mo ti ń ka yunifásítì tèmi — ẹ̀kọ́ nípa eré oníṣe, ọdún kejì, ní ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, lẹ́yìn tí mo bá ti kọ́ àwọn ọmọ praimárì fáìfù tán tí ọ̀fun mi ti gbẹ.

Ibi tí eré ti ṣẹ̀ ní ilẹ̀ Gíríìkì ni wọ́n kọ́ wa. Mi ò lè jókòó. Wọ́n ní kò sí òṣèré rárá níbẹ̀rẹ̀. Akọrin nìkan. Wọ́n á máa kọrin, wọ́n á máa jó yípo fún òrìṣà ọtí wọn. Àfi lọ́jọ́ kan tí ẹnì kan jáde láàrin wọn, ó kọjú sí wọn, ó ń dá wọn lóhùn. Tán. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Orúkọ tí wọ́n fún eré ìbànújẹ́ — orin òbúkọ! Àwọn ọ̀mọ̀wé ò tíì fẹnu kò lórí ìdí rẹ̀.

Ọwọ́ mi ni eré ìkórè ìjọ wa wà lọ́dún yìí. Mo ti mọ bí màá ṣe ṣe é.

Ọjọ́ Ẹtì, 10
Mo lọ bá Alàgbà Ó-Ti-Tó. (Jethro lorúkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ni kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀.) Mo ní: akọrin obìnrin méjìlá, òṣèré kan ṣoṣo. Ìtàn — ọjọ́ ìjà ẹ̀sìn ní Kano níbí. Ọjọ́ tí àwọn obìnrin ìjọ dúró lẹ́nu géètì tí wọ́n ń retí ọkọ wọn, tí àwọn kan dé, tí àwọn kan ò dé. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà yẹn.

Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní ìkórè là ń ṣe, a ò ṣòkú. Èmi tí ẹnu mi kì í dákẹ́, mo sọ fún un pé òǹkọ̀wé kan wà ní Gíríìkì tó ṣeré nípa ìlú kan tí ogun kó. Gbogbo òǹwòran bú sẹ́kún. Wọ́n bu owó ìtanràn lé e, pé ó rán àwọn létí àdánù àwọn.

Alàgbà lu tábìlì. Ó ní, ṣé o rí i, àwọn tó dá a sílẹ̀ gan-an mọ̀ pé kò dáa!

Mo rẹ́rìn-ín títí. Ó gbà níkẹyìn, pé ká ṣáà fi ọpẹ́ parí rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 12
Obìnrin mọ́kànlá forúkọ sílẹ̀. Ẹni kejìlá — Hájíyà! Màámi ni. Onísùtánà ni o, ṣùgbọ́n bí àwọn oníbàárà rẹ̀ lọ́jà Singer ṣe ń pè é nìyẹn, ó sì ti di orúkọ rẹ̀ nínú ìwé yìí. Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ ọjọ́ ìjà yẹn rárá. Bí ẹnì kan bá dá a sílẹ̀, á dìde lọ wo ìkòkò lórí iná. Mo bi í pé kí ló dé tó fẹ́ wọlé. Ó ní ohùn òun ò tíì bàjẹ́.

Ọjọ́rú, 15
Edith ni òṣèré wa. Ní Gíríìkì, ọkùnrin ló ń ṣe obìnrin. Lọ́dọ̀ wa, obìnrin ni yóò ṣe ọkùnrin. Ọmọ Kàbà ni, òtẹ́ẹ̀lì kan ní Airport Road ló ti ń gba àlejò. Kò tíì ju ọdún méjì lọ tó padà sí Kano. Ọjọ́ ìjà yẹn ni bàbá rẹ̀ kú, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta. Ìyá rẹ̀ gbé e lọ sílé. Ìyá náà ti kú báyìí.

Ẹ̀rù bà mí láti gbé ipa náà fún un. Ó ní, "Àńtí Fúnmi, abeg, ẹ fún mi. Wọ́n kàn sọ fún mi pé ojú títì ni wọ́n ti bá òkú rẹ̀. Mi ò mọ nǹkan míì."

Ipa náà: ọkùnrin kan ń sáré láti ilé dé ilé, ó ń kan ilẹ̀kùn. Àwọn Gíríìkì kì í sábà pa ènìyàn lójú òǹwòran. Ẹnì kan ló máa ń wá ròyìn rẹ̀. Nítorí náà a ò ní rí bó ṣe kú. Akọrin á dákẹ́, a ó gbọ́ ilẹ̀kùn tó ń kàn, ó parí. Mi ò mọ ibi tí ìyẹn ti wá sí mi lọ́kàn.

Ọjọ́bọ̀, 16
Mo pa ìlà mẹ́rin rẹ́. Mo dá méjì padà. Mo tún pa á rẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18
Ìfidánrawò. Akọrin dákẹ́. Edith fi ìkúùkù kan bẹ́ǹṣì — ẹ̀ẹ̀mẹta, ó sinmi, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ìwé ni mo ń wò. Nígbà tí mo máa fi gbójú sókè, obìnrin mọ́kànlá ló kù lórí ìlà.

Hájíyà ti wà lójú títì. Kò wọ bàtà. Láàárín àwọn kẹ̀kẹ́ Ibo Road, ó ń lọ sílé.

Ọjọ́ Àìkú, 19
Ó sọ ọ́ lónìí. Ó ń ṣa ẹ̀wà, kò wò mí lójú.

Ẹnu ọ̀nà wa ni Collins kàn. Bàbá Edith. Bàbá mi ò sí nílé, èmi àti àbúrò mi jòjòló wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú Màámi. Ọkùnrin náà ń pè é lórúkọ, pé kó ṣílẹ̀kùn. Ariwo àwọn tó ń lé e ti ń sún mọ́ tòsí. Màámi ní bí òun bá ṣí i, gbogbo wa là bá bá a lọ. Kò ṣí i.

"Mo fọwọ́ bò ọ́ lẹ́nu."

Ọwọ́ yẹn. Ìgbà tó sọ ọ́ ni mo tó rántí. Ọwọ́ tó ń rùn kẹrosíìnì. Mo rò pé eré là ń ṣe!

Ó ní ọjọ́ tí Edith kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì lòun ti mọ̀ ọ́n. Ojú Collins ló gbé wọlé. Kò sunkún. Ó da ẹ̀wà náà sínú omi.

Ọjọ́ Ajé, 20
Mo ṣí ìwé yìí, mo tún pa á dé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21
Mo rìn dé Singer, mo padà láìra nǹkan kan. Màá yọ ilẹ̀kùn yẹn kúrò. Edith á béèrè ìdí. Màá gbé ipa náà fún ẹlòmíì. Á béèrè. Mo lọ sọ fún Alàgbà pé ká pa eré náà tì. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Ìdùnnú yẹn ló bí mi nínú, ni mo bá ní mo ti yí ọkàn mi padà.

Hájíyà ní, "Kai, Fúnmi. Má yọ nǹkan kan. Ẹnu mi ni Edith ti máa gbọ́ ọ."

Ọjọ́bọ̀, 23
Hájíyà ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan. Ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Airport Road, ó ní n ò gbọdọ̀ tẹ̀ lé òun. Nígbà tó dé, ó tú gèlè, ó jókòó. Mo ní kí ni Edith sọ.

Ó ní, "Ó fún mi lómi mu."

Ọjọ́ Ẹtì, 24
Mo pe Edith lẹ́ẹ̀mẹsàn-án. Kò gbé e.

Ọjọ́ Àìkú, 26
Ìkórè. Edith ò wá. Mi ò ní ẹlòmíì. Akọrin méjìlá kọrin nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì dákẹ́ níbi tí mo ti kọ́ wọn láti dákẹ́. Ìdákẹ́ náà gùn. Ẹnikẹ́ni ò kan nǹkan kan. Màámi ń wo géètì.

Obìnrin kan bú sẹ́kún lẹ́yìn, òmíràn gbà á. Alàgbà fi apá sùtánà nu ojú. Wọ́n ní mo gbìyànjú, pé ìdákẹ́ yẹn gan-an ló mú àwọn lọ́kàn. Ká ní ilẹ̀ lanu ni, ǹ bá wọlé.

Ọjọ́rú, 29
Edith wá ní aago mẹ́rin, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí Màámi. Kò kí mi. Mo gbé àga fún un, kò jókòó.

Ó ní òun ò wá jà. Òun ò sì wá sọ pé ó ti tán, torí kò tíì tán nínú òun. Ó ní òun ní fọ́tò bàbá òun. Òun ní ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kan. Ohùn rẹ̀ ni òun ò ní. Kò sẹ́ni tó gbà á sílẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ gbọ́ ọ gbẹ̀yìn, Màmá. Báwo ló ṣe rí?"

Màámi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Pé ó nípọn. Pé ó máa ń fà á díẹ̀, bí àwọn ará Kàbà. Edith mi orí. Ó ní, "Ẹ má ròyìn rẹ̀. Ẹ pè bó ṣe pè yín."

Màámi wò mí. Ilẹ̀ ni mò ń wò. Ó dìde, ó di apá àga mú. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ — ohùn ọkùnrin, èémí ti ń tán nínú rẹ̀. Mo mọ ohùn náà. Gbogbo ara mi mọ̀ ọ́n.

"Ìyá Fúnmi! Ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi. Èmi ni."

Edith di ojú.

"Ẹ tún un pè."

Màámi tún un pè.

"Ẹ tún un pè."