Wọ́n Ti Gba Bàbá Rẹ Sílẹ̀

Ọmọ mi ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́, ṣé o jí ire, ṣé ara le, ṣé ọ̀gá ibi iṣẹ́ rẹ ti yéé fojú rẹ gbolẹ̀? Ìlú ńlá ò ní gbé ọ mì, láṣẹ Olúwa. Àwa náà wà níbí, ewúrẹ́ ti bímọ, òrùlé ń jò díẹ̀, a dúpẹ́.

Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ ni mo fẹ́ sọ. O mọ̀ pé ó pẹ́ tí wárápá ò ti jẹ́ ká gbádùn. Ní ọsibítù ńlá, dókítà ọmọdébìnrin kan fi nǹkan pẹlẹbẹ kan hàn mí, ó fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà, ó rọ̀, wáyà tíntìntín wà nínú ẹ̀. Ó ní orí ọpọlọ ni àwọn máa tẹ́ ẹ sí, àwọn á sì fi gba gbogbo ohun tó ń lọ níbẹ̀ sílẹ̀. Èmi tí mo ti ń bẹ Ọlọ́run pé kó gba bàbá rẹ sílẹ̀ lọ́wọ́ wárápá, mo kúnlẹ̀ gbì, mo ṣe àmín. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú, ó ní bí wọ́n ṣe ń gba ohùn olórin sílẹ̀ ni.

Òótọ́ ni. Nígbà tí wọ́n tẹ́ ẹ sí orí ọpọlọ bàbá rẹ tán, ìlà wẹ́wẹ́ ń rìn lójú ẹ̀rọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. Mo máa ń kí ẹ̀rọ náà káàárọ̀ kí n tó jókòó, torí mi ò mọ ẹni tó wà nínú ẹ̀. Bí mo bá sọ̀rọ̀ ewúrẹ́, ìlà ò mira, bí mo bá dárúkọ rẹ, á fò sókè. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bàbá rẹ sùn, mi ò sọ nǹkan kan, ìlà ṣàdédé ń fò bí ìgbà tí mo bá dárúkọ rẹ. Mo wẹ̀yìn, mi ò rí ẹnikẹ́ni.

Àwọn dókítà rí ibi tí wárápá fara pamọ́ sí, wọ́n gé e kúrò, wọ́n ṣí awọ àlùbọ́sà náà kúrò pẹ̀lú. Bàbá rẹ ò ṣubú mọ́, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n nígbà tá a délé, bàbá rẹ nawọ́ sí fọ́tò rẹ lára ògiri, wọ́n bi mí pé ọmọ ta nìyẹn. Mo rò pé àwàdà ni. Mo pe orúkọ rẹ sí wọn létí, wọ́n ní orúkọ náà dùn, kí Ọlọ́run dá ẹni tó ń jẹ́ ẹ sí. Mo sunkún.

Dókítà ní ọgbẹ́ inú ọpọlọ ló fà á, pé ó lè padà. Mi ò bá a jiyàn, ṣùgbọ́n èmi mọ̀ pé ìwọ ni ẹ̀rọ yẹn gbà sílẹ̀. Dókítà ní gbogbo ohun tí àwọn gbà sílẹ̀ ti wà ní ìlú yín, nínú ẹ̀rọ kan tó tóbi ju yàrá lọ. Jọ̀ọ́, lọ bá àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀rọ náà, kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa, sọ pé ìwọ lo ni ín. Àpò tí kò lu ni kó o fi gbé e, má jẹ́ kí òjò pa á. Fi owó fìlà ránṣẹ́ pẹ̀lú, òtútù ń mú bàbá rẹ lójú àpá orí.

Má jẹ́ kó pẹ́. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni bàbá rẹ ń gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa wo títì. Mo bi wọ́n pé ta ni wọ́n ń retí. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀, ṣùgbọ́n onítọ̀hún ti pẹ́ jù, ọkàn àwọn ò sì balẹ̀.

Ọlọ́run á ṣọ́ àlọ rẹ, á ṣọ́ àbọ̀ rẹ.

Èmi ni, ìyá rẹ tó ṣì mọ̀ ọ́.