Wọn Kì í Ṣe Oògùn Kan Náà

Dasá-Zúmè,
Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹrin, ọdún 1967.

Évariste, ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Claudine ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Mo gbàdúrà pé kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín lórí ìdúró ní Kùtọnu, kí ó má bá ẹnikẹ́ni lórí àìsàn. Ara tèmi náà le, àfi orúnkún tó máa ń yọ mí lẹ́nu bí mo bá ń gun òkè. Mo ti kí ọ tán bó ti yẹ kí ìyá kí ọmọ. Wàyí o, fìdí kalẹ̀, nítorí inú ń bí mi, ìwọ gan-an ni inú sì ń bí mi sí.

O rántí Minú, ológbò bàbá rẹ. Lẹ́yìn tí a sin bàbá rẹ ló bẹ̀rẹ̀ sí mu omi ní àmuùdábọ̀, ó ń tọ̀ káàkiri, èèrà sì ń bo ibi tó bá tọ̀ sí. Àwọn ará ilé ń rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí irú èèrà yẹn ni mo rí lẹ́yìnkùlé nígbà tí àtọ̀gbẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú Cosme bàbá rẹ. Mo gbé ológbò náà lọ bá Séverin, nọ́ọ̀sì ẹran ọ̀sìn tó ń gbé lójú ọ̀nà Kpingni. Ó yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, ó ní òótọ́ ni, ṣúgà ni, ó sì kọ́ mi ní ìwọ̀n ínsúlìn tó tọ́ sí ẹran kékeré bẹ́ẹ̀. Abẹ́rẹ́ gígún kò ṣòro fún mi. Ta ló ń gún bàbá rẹ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn?

Irú oògùn tí bàbá rẹ ń lò nílé náà ni o ń fi ránṣẹ́, èyí tó funfun bí omi ògì, tí a máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ yí kó tó pò pọ̀. Mo máa ń fi aṣọ tútù wé ìgò rẹ̀, màá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àmù. Ó ń rọra ṣiṣẹ́ lára Minú láti àárọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ara ológbò padà bọ̀ sípò, ó tún ń pa eku nínú àká àgbàdo.

Nígbà tí ààwẹ̀ Ọdún Àjíǹde wọlé, o fi òmíràn ránṣẹ́, ó mọ́ gaara bí omi òjò. O kọ ọ́ pé, «Maman, c'est la même chose. Oògùn kan náà ni. Bí ẹ ṣe ń fún un tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ máa fún un.» Mo gbà ọ́ gbọ́. Nọ́ọ̀sì ni ọ́, ọmọ mi sì ni ọ́. Tó bá di ọ̀sán, ológbò á tún máa wá omi kiri bíi ti tẹ́lẹ̀, mo sì ń sọ fún ara mi pé ooru ni.

Ọjọ́ Ẹtì Mímọ́ wá dé. O mọ àṣà agbo ilé wa: lọ́jọ́ náà a kì í dáná, a kì í tú ewúrẹ́ pàápàá sílẹ̀ kó jẹko, títí àwọn tó lọ ṣe Ọ̀nà Àgbélébùú yóò fi sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Ìyá Perpétue, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, ló ń ṣọ́ ilé. Mo ti gún Minú lábẹ́rẹ́ tán, mo fẹ́ gbé ẹja rẹ̀ kalẹ̀, ló bá gba àwo náà lọ́wọ́ mi. «Ẹran tó ń gbé ilé onígbàgbọ́ á gbààwẹ̀ bí onígbàgbọ́, Valentine.» Mi ò bá a jà. Nígbà tí a ń lo oògùn funfun, Minú ti pẹ́ rí kó tó jẹun, kò sóhun tó ṣe é. Mo bá àwọn èèyàn lọ sókè.

Orúnkún ni kò jẹ́ kí n dé ibi tí wọ́n dé. Mo padà sílé, mo bá Minú nílẹ̀, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ ṣùgbọ́n kò rí mi. Mo ki ìka bọ inú oyin, mo fi ń ra èrìgì rẹ̀. Ìyá Perpétue ń pariwo lẹ́yìn mi pé mo ń ba ààwẹ̀ jẹ́. Mo ní kó pariwo débi tó bá wù ú. Nígbà tó ṣe, ológbò gbé orí sókè, ó lá ìka mi.

Mo gbé e lọ bá Séverin pẹ̀lú ìgò oògùn náà. Ó bi mí pé ta ló sọ pé ọ̀kan náà ni. Ó ní èyí tó funfun ń rìn jẹ́jẹ́, èyí tó mọ́ gaara ń sáré, ìwọ̀n ọ̀kan kì í sì í ṣe ìwọ̀n èkejì. Ẹni tó bá gba èyí tó ń sáré gbọ́dọ̀ jẹun kíákíá. Ó ní bó bá jẹ́ èèyàn ni, tí kò jẹun, á làágùn, á máa gbọ̀n, á máa sọ ìsọkúsọ, á sì kú. Évariste, ìloro ọkùnrin náà ni mo wà tí ọjọ́ ikú bàbá rẹ padà sí mi lọ́kàn.

Ṣé o rántí? Ilé ìwòsàn tí o ti ń ṣiṣẹ́ la gbé bàbá rẹ wá nítorí egbò ẹsẹ̀. Ìwọ lo gún un láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo rí i pé oògùn náà mọ́ gaara, mo bi ọ́, o ní, «C'est la même chose, Maman.» O ní kó má jẹun títí dókítà yóò fi wá gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Dókítà kò tètè dé. Bàbá rẹ làágùn títí aṣọ rẹ̀ fi tutù, ó ń gbọ̀n, ó ń pe àwọn òbí rẹ̀ tó ti kú, ó sì ń sọ fún mi pé, «Valentine, ebi ń pa mí.» Iṣu sísè wà lọ́wọ́ mi nínú àwo. Mo wò ọ́ lójú, o mi orí. Mo ti àwo náà sábẹ́ ibùsùn. Kí dókítà tó dé, bàbá rẹ ti kú.

Àwo yẹn ni àwọn ará ilé rí lábẹ́ ibùsùn nígbà tí wọ́n wá gbé òkú rẹ̀. Ìyá Perpétue ló kọ́kọ́ sọ ọ́, gbogbo agbo ilé sì gbà á: mo fi iṣu pa ọkọ mi. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó ń jẹ oúnjẹ tí mo bá sè nínú ilé yìí. Wọ́n ti kọ́ àwọn ọmọdé pàápàá láti máa gbé àwo mi padà. Ìwọ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́. O ń wo ilẹ̀, mo sì rò pé ìbànújẹ́ ni. Ìbànújẹ́ wo? Iṣu tí wọ́n ní mo fi pa á ni ì bá gbà á là!

Bó bá jẹ́ pé àṣìṣe lo ṣe, ọwọ́ èèyàn a máa ṣì, mi ò ní fi bú ọ. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí o tún fi kọ gbólóhùn kan náà sí mi nítorí ológbò? Mo ti rò ó títí. Bí o bá sọ fún mi pé oògùn méjèèjì yàtọ̀, màá bi ọ́ nípa bàbá rẹ. Ó tẹ́ ọ lọ́rùn kí ẹran náà kú, kí n má baà béèrè.

Nítorí náà, wá. Má fi nǹkan kan ránṣẹ́, má rán ìyàwó rẹ. Wọ ọkọ̀ ojú irin, kí o dúró níwájú Ìyá Perpétue àti gbogbo agbo ilé, kí o fi ẹnu ara rẹ sọ ohun tó pa bàbá rẹ. Lẹ́yìn náà, màá se iṣu, màá bù ún fún ọ, wàá sì jẹ ẹ́ lójú gbogbo wọn.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ lọ́nà. Yóò fún ọ ní ìgboyà tí o kò ní lọ́jọ́sí. Àwọn ọmọ tìrẹ kò ní wo ilẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń parọ́ mọ́ ọ. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ, tí kò pa bàbá rẹ,
Valentine.

Mo gbàgbé: Minú ń bẹ láàyè. Bí o bá ń bọ̀, èyí tó funfun ni kí o mú wá. Bí kò bá sí, sọ fún mi pé kò sí.