Ohun Tí Mo Sọ Ní Ìpàdé Ilé

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Télọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ọ̀dọ̀ ọmọ mi ni mo ń gbé.

Pásítọ̀ wa rọ̀ wá ká dara pọ̀ mọ́ àwọn ìpàdé kékeré inú ilé, pé ibẹ̀ la ti lè tú ọkàn wa jáde. Mo lọ, mo sì gbádùn rẹ̀, torí ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń bi mí bóyá mo sùn dáadáa. Nígbà tí wọ́n béèrè ohun tá a fẹ́ gbàdúrà sí, mo ní ẹ̀rù ń bà mí kí ọmọ mi má lọ kó mi sílé àwọn arúgbó.

Wọ́n gbé e lọ fún àwọn ìpàdé yòókù, kí àdúrà lè pọ̀. Ló bá dé etí ọmọ mi.

“Bàbá, ṣé ẹjọ́ mi lẹ wá ń rò káàkiri ìjọ? Ohun tẹ́ ẹ̀ ń bẹ̀rù yẹn gan-an, màá ṣe é!”

Kò kí mi mọ́.

Ní báyìí, Pásítọ̀ ní kí n dìde lọ́jọ́ Ìsinmi, kí n gba àwọn tó kù níyànjú láti wá. Ẹ̀yin olùgbọ́, kí ni kí n sọ? Ṣé kí n ní kí wọ́n máa bọ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ọkàn wọn sílẹ̀ nílé?