Iyọ̀ Kò Tó Nínú Oúnjẹ Ìyá Rẹ

Ọmọ mi Dókítà,

Mo kí ọ, mo kí àwọn ará ilé rẹ, mo sì kí ọ kú iṣẹ́. Ọ̀nà ò ní nà ọ́, ọwọ́ tí o fi ń gba ẹ̀mí là kò ní gbọ̀n láé. Ìyá rẹ ṣì wà láàyè, ìyẹn ni mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ kà. Wá jókòó wàyí, nítorí ohun tó kù kò dùn-ún gbọ́.

Mi ò fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù. Fóònù máa ń tọ́jú ọ̀rọ̀ pamọ́. Mo rí nọ́ọ̀sì kan ní ilé ìwòsàn níbí tí ohùn ọkọ rẹ̀ ń jáde nínú fóònù, bẹ́ẹ̀ ọkọ náà dúró tì í, tí ẹnu rẹ̀ padé. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó gbọ́ àṣírí àgbàlagbà. Awakọ̀ ilé ìwòsàn tó ń bọ̀ wá gba oògùn lọ́dọ̀ yín ni mo fi lẹ́tà yìí rán.

O mọ̀ pé gẹ̀gẹ̀ ti ń fún ìyá rẹ lọ́fun débi pé ìjókòó ló fi ń sùn. Ìwọ lo ní kí wọ́n yára gé e. Ohun tí o kò mọ̀ tán ni ohun tí èmi ṣe lọ́jọ́ Ajé.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n ka ìwé kan sí mi létí pé bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, mo ti gbà. Mo bi ara mi pé irú ọkọ wo ló ń fọwọ́ sí ikú aya rẹ̀. Mo bá kọ orúkọ bàbá tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní ojúlé kejì sí i, kí ikú lè gba ilé tirẹ̀ lọ. Ìyàwó rẹ̀ ti kú tipẹ́, nítorí náà mi ò pa ẹnikẹ́ni lára.

Wọ́n tún ti ní láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú kí ìyá rẹ má fi nǹkan kan kan ẹnu. Mo ní èwo nìyí, ewúrẹ́ tí a fẹ́ pa pàápàá, a ń fún un lóúnjẹ. Mo sè é fúnra mi, mo gbé e sínú kúlà, mo faṣọ bò ó, ó sì jẹ ẹ́ tán. Mo kìlọ̀ fún un pé bí wọ́n bá bi í, kó ní òun ò jẹun.

Ẹni tó fẹ́ fún un ní abẹ́rẹ́ oorun ni ọmọbìnrin tí o ń kọ́ níṣẹ́ yẹn, tí ẹ rán wá síbí, tí a ń pè ní Dókítà Kékeré nítorí pé aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Ó bi ìyá rẹ, ìyá rẹ ní rárá. Ó bi mí, mo búra. Ó tún padà wá bi mí, mo ní ṣé òpùrọ́ ló ń pè mí ni, ọmọ tí mo fi ogójì ọdún jù lọ. Ó bá lọ síbi fèrèsé, ó pè ọ́ lórí fóònù. Mo gbọ́ ohùn rẹ, mi ò gbọ́ ohun tí o sọ. Nígbà tó padà, kò bi mí ní nǹkan mọ́. Ó jókòó ti ìyá rẹ, ó dì í lọ́wọ́ mú, ó sì bi í jẹ́ẹ́jẹ́ pé ṣé iyọ̀ kò pọ̀ jù nínú oúnjẹ àárọ̀ yìí. Ìyá rẹ ní iyọ̀ wo, pé iyọ̀ ò tilẹ̀ tó, pé èmi ni mo sè é, àti pé láti ọjọ́ tí òun ti fẹ́ mi ni mi ò ti mọ iyọ̀ ọ́ bù.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò lo wákàtí kan.

Dókítà Kékeré ní iṣẹ́ abẹ kò lè wáyé mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀gá oníṣẹ́ abẹ, tó ti wọ ìbọ̀wọ́, bọ́ ọ, ó jù ú mọ́lẹ̀, ó ní ojo ni ọmọ náà, pé ìyá arúgbó lásán ló ń dẹ́rù bà á. Mo fojú ara mi rí i, ọmọ náà kò kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn. Dípò kí n jẹ́wọ́, ìtìjú gùn mí, mo bínú ju ọ̀gá lọ. Mo gba ọ́fíìsì lọ, mo ní kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ pé Dókítà Kékeré ń febi pa aláìsàn, pé ó parọ́ mọ́ wa, kí wọ́n dá a padà síbi tó ti wá. Wọ́n ní Ọjọ́rú làwọn máa gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Ajé yẹn kan náà ni ìyá rẹ bì. Gẹ̀gẹ̀ ò jẹ́ kí èébì náà rí ọ̀nà, ó há a lọ́fun, ojú rẹ̀ yí. Ariwo tí mo pa, mi ò mọ̀ pé mo ní irú rẹ̀ nínú. Ta ló sáré wọlé? Ẹni tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹjọ́ rẹ̀ sùn ni. Ó yí i sí ẹ̀gbẹ́, ó fi rọ́bà ẹ̀rọ kan sí i lẹ́nu, ẹ̀rọ náà ń fà á jáde sínú ìgò. Oúnjẹ mi ni mo rí nínú ìgò yẹn. Nígbà tí ìyá rẹ mí, ọmọ náà ṣàlàyé fún mi pé ẹni tó lajú ṣì lè wúkọ́, pé ẹni tí wọ́n ti kùn lóorun kò lè wúkọ́, inú ẹ̀dọ̀fóró ni oúnjẹ máa gbà lọ. Kò bú mi. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Mo bi í pé ibo ló ti kọ́ ọgbọ́n iyọ̀. Ó ní nígbà tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ, aláìsàn kan parọ́ pé òun ò jẹun, ọmọ náà sì gbà á gbọ́, ìwọ lo dá bẹ́ẹ̀dì aláìsàn náà dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ. Ó ní o kò pariwo, o kàn ní kí òun lọ kọ́ bí a ṣe ń bi àgbà ní ìbéèrè láì pè é ní òpùrọ́, pé ẹni tó mọ oògùn nìkan kò tíì mọ iṣẹ́. Ó ní òun sunkún lọ́jọ́ yẹn. Ọmọ mi, àwọn èèyàn máa ń bi mí pé kí ló le nínú iṣẹ́ rẹ, kí á kùn èèyàn lóorun, pé oníwàásù wa ń ṣe é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láìlo abẹ́rẹ́. Ní báyìí, màá sọ fún wọn pé ìbéèrè tó ṣáájú abẹ́rẹ́ ló le.

Òní ni Ọjọ́rú. Mo gbé kúlà lọ síwájú àwọn tó ń gbọ́ ẹjọ́ náà, mo ṣí i sórí tábìlì. Mo ní èmi ni mo sè é, èmi ni mo purọ́, èmi náà ni mo parọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Mo jẹ́wọ́ ti orúkọ atúnkẹ̀kẹ́ṣe náà. Dókítà Kékeré ní òun ti rí i láti ọjọ́ Ajé, òun ń dúró kí bàbá fẹnu ara wọn sọ ọ́ ni. Ọ̀gá oníṣẹ́ abẹ ní kí ọmọ náà wà níbi orí ìyá rẹ nígbà tí òun bá ń gé gẹ̀gẹ̀ náà lọ́la, kó máa ṣọ́ oorun rẹ̀, pé òun ò fẹ́ ẹlòmíràn.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra kúlà mìíràn. Wọ́n ti gba kúlà, wọ́n ní ẹ̀rí ni, ìyá rẹ sì ti ń béèrè rẹ̀. Ṣẹ́ díẹ̀ kù níbẹ̀ fún owó ọkọ̀ mi, kí o sì bá mi ra aṣọ iṣẹ́ tó bá ara ọmọ yẹn mu.

Wọ́n tún gbé ìwé wá ní ìrọ̀lẹ́ yìí. Ohun tó sọ lọ́jọ́ Ajé náà ló ṣì ń sọ, kò yí padà. Lọ́tẹ̀ yìí, orúkọ ara mi ni mo kọ sí i.

Àwọn tí o ń kọ́ kò ní dójú tì ọ́. Oorun tí wọ́n máa fún ìyá rẹ lọ́la, á sùn ún, á sì jí nínú rẹ̀. Ebi ń pa á báyìí, èmi náà ò sì jẹun, kó má bàa máa wò mí lẹ́nu. Ó ní bí òun bá jí, òun fúnra òun ló máa dáná.

Èmi ni bàbá rẹ, tí kò mọ iyọ̀ ọ́ bù.