Agogo Tí Mo Lù Kí Dípúpọ̀ Tó Kí Màmá

                                                  Ojúlé Kẹsàn-án,
                                                  Òkè-Ṣọ́pin,
                                                  Ìjẹ̀bú-Igbó,
                                                  Ìpínlẹ̀ Ògùn.
                                                  Ogúnjọ́, Oṣù Kẹwàá, ọdún 2024.

Gbémi, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni gbogbo ilé? Ṣé Daniel ọkọ rẹ wà lálàáfíà, ṣé orúnkún tó ń dùn ún ti jẹ́ kó sinmi? Jason ńkọ́? Mo gbọ́ pé ó ti ń fi èdè Haúsá bú àwọn ọmọ kíláàsì ẹ̀. Ẹ kọ́ ọ ní Yorùbá náà, kó lè rí èyí tó máa fi tọrọ àforíjì. Òtútù Jọ́ọ̀sì ńkọ́? Èmi wà dáadáa, alhamdulillah. Iṣẹ́ gàrí mi ń lọ déédéé, àfi ẹ̀rọ tí a fi ń rin gbágùúdá tó ń ṣe bí òṣìṣẹ́ ìjọba: tó bá ṣiṣẹ́ lónìí, á gba ìsinmi lọ́la.

Mo mọ̀ pé Màmá yín ti pè ọ́, mo sì mọ ohun tí wọ́n wí: pé Hidayah tí àwọn bọ́ fún ọdún mẹ́rin gbáko, nígbà tó ń kàwé ní Àgọ́-Ìwòyè, lu agogo lé àwọn lórí níwájú ìlú. Òótọ́ ni. Mo lù ú. Mi ò fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù torí o máa ń já lu ọ̀rọ̀, mo sì fẹ́ kí o gbọ́ ọ tán. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ìwé yìí, mo fi rán Ọmọ́tọ́lá, tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín láàárọ̀ ọ̀la.

O mọ̀ pé Dípúpọ̀ àbúrò rẹ ń du ipò kánsílọ̀ ní Awà. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìlú ní kí àwọn tó ń díje wá sọ tẹnu wọn ní gbangba, kí adájọ́ mẹ́ta sì fún wọn ní máàkì. Wọ́n mú ọ̀gá Adémúyìwá, hẹdimásítà tó ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n mú nọ́ọ̀sì àgbà kan láti Òru. Wọ́n wá mú èmi, wọ́n ní mo kàwé nípa òwò, n kì í sì í wojú ẹnikẹ́ni. Mo sọ fún wọn pé àbúrò ọ̀rẹ́ mi wà nínú ẹ̀. Wọ́n ní ta ni kì í ṣe àbúrò ẹnì kan ní Awà.

A fi ìpàdé sí aago mẹ́wàá, ó di méjìlá kí a tó bẹ̀rẹ̀. Inú ti ń bí mi. Mo kéde òfin: ìṣẹ́jú mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, lórí ilé ìwòsàn kékeré tí nọ́ọ̀sì kì í sí níbẹ̀ mọ́ tí aago méjì bá ti lù. Tí àkókò bá pé, màá lu agogo ilé ìwé.

Qowiyyu mẹkáníìkì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní tí a bá dìbò fún òun, nọ́ọ̀sì á ti dé kí a tó ṣẹ́jú. Mo ṣẹ́jú, mo tún ṣẹ́jú, mo kọ méjì nínú mẹ́wàá. Asimawu tó ń gbé ẹja wá láti Efire ló tẹ̀ lé e. Ó kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Mo kí gbogbo yín pa pọ̀, ẹ má bínú, agogo yẹn ń wò mí." Ó ní mọ́tò ni kì í sí fún nọ́ọ̀sì láti padà sílé tílẹ̀ bá ń ṣú, òun á sì bá àwọn awakọ̀ sọ ọ́. Mo fún un ní méje.

Ó wá kan Dípúpọ̀. O mọ bí Màmá ṣe tọ́ yín. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó kí aṣojú ọba, ó kí gbogbo ìdílé wọn. Ó kí Ìmáàmù, ó béèrè ọmọ tuntun. Ó kí àlùfáà Áńgílíkà, ó kí wọn kú ìmúra ìkórè. Ó kí àwọn ìyá ọlọ́jà ní ìsọ̀ ní ìsọ̀. Mo ń fojú bẹ̀ ẹ́, kò rí mi. Ó yíjú sí ìjókòó iwájú: "Paríparí ẹ̀, mo kí ìyá tó bí mi…"

Mo lu agogo.

Màmá ti dìde díẹ̀ lórí àga láti gba ìkíni tiwọn. Wọ́n rọra jókòó padà. Gbémi, mi ò lè gbàgbé ìjókòó yẹn.

Mo fún Dípúpọ̀ ní ẹyọ kan, aṣọ ọrùn ẹ̀ ni mo sì fún. Ọ̀gá Adémúyìwá fún un ní mẹ́jọ. Mo ní, "Kí ló sọ, sà?" Wọ́n ní, "Ó kí èèyàn dáadáa."

Gàrí tí mo máa ń fi ránṣẹ́ sí Màmá lọ́jọ́ Jímọ̀ padà wá bá mi, wọ́n ní kí n lu agogo fún un, bóyá á dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíì. Mo lọ fúnra mi. Ojú fèrèsé ni wọ́n ti dá mi lóhùn: "Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọ mi kí gbogbo ayé tán, ó ku ìyá ẹ̀, ìgbà yẹn ni ìwọ wá mọ aago." Máàkì yẹn, mi ò kábàámọ̀ ẹ̀. Àmọ́ ilẹ̀kùn tí mo máa ń wọlé láìkàn, kó wá wà ní títì mọ́ mi, n kò lè fara dà á.

Dípúpọ̀ fúnra ẹ̀ ló wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Kò bínú. Ó fi ìwé hàn mí: yàrá méjì wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn yẹn tí òrùlé wọn ti jò. Tí a bá tún wọn ṣe, nọ́ọ̀sì á máa sùn síbẹ̀. Ó ti wọn páànù, ó ti bá kápẹ́ńtà sọ̀rọ̀. Mo ní, "Kí ló dé tí o ò sọ èyí ní gbangba? A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá." Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìkíni kì í ṣe làpálàpá. Ṣé kí n máa sọ̀rọ̀ páànù lójú àgbà tí mi ò tíì kí?" Mo gba ìwé náà, mo tún un kà. Ìgbà tó yá ni Dípúpọ̀ ní, "Ta ló tiẹ̀ ní orí pèpéle ni mo ti gbọ́dọ̀ kí wọn?"

Àná ni ìpàdé kejì tí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ pè kí wọ́n tún wá sọ̀rọ̀. Aago mẹ́jọ ààbọ̀ ni mo débẹ̀, mo bá Dípúpọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Bí àwọn èèyàn ṣe ń wọlé ló ń dọ̀bálẹ̀ fún wọn. Nígbà tó kàn án, ó ní, "Mo ti kí gbogbo yín lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì ló kù." Ó sọ ti yàrá méjì. Ó ní àwọn máa bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kìíní, tí nọ́ọ̀sì kò bá sì tíì sùn síbẹ̀ nígbà tí oṣù Kejì bá parí, kí wọ́n wá gba àga òun. Gbémi, ó dá ọjọ́! Mo wo aago, ó ku ìdajì ìṣẹ́jú.

Ó yíjú sí ìjókòó iwájú. Ìgbà yẹn ló yé mi pé ó mọ̀ọ́mọ̀ fo ìyá ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ni. Ó dọ̀bálẹ̀ níbi tó wà, ó ń fi oríkì ki wọ́n, Àyìnkẹ́ ọmọ Awà, látorí ìyá dé orí ìyá ìyá. Màmá dìde, lọ́tẹ̀ yìí wọ́n nàró tán. Wọ́n ń ṣàdúrà fún un. Ìṣẹ́jú mẹ́ta pé, ó kọjá. Ọwọ́ mi wà lórí agogo, mi ò gbé e. Asimawu pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Adájọ́, ṣé aago yín ti kú ni?" Màmá tún gèlè wọn ṣe, wọ́n wò mí.

"Hidayah, a ti parí. Ó yá, lu agogo ẹ."

Mo lù ú. Ẹ̀rín bo gbọ̀ngàn.

Mo fún un ní mẹ́sàn-án. Ọ̀kan tó kù, ìjáfara tèmi ló jẹ ẹ́. Tí a bá ro máàkì àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, Asimawu ṣì fi méjì ṣíwájú, ìlú ni yóò sì dìbò lóṣù tó ń bọ̀. Lẹ́yìn ìpàdé mo gbé gàrí lọ sílé yín. Mi ò kan ilẹ̀kùn.

Bá mi kí Daniel, kí o kí ìyá ọkọ rẹ, kí Jason, kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì yín. Ẹni tí mo bá gbàgbé, kó jọ̀ọ́, kó má lu agogo lé mi lórí.

Ọ̀rẹ́ rẹ ni mí, lẹ́nu ọ̀nà àti nínú ilé,
Hidayah.