Ẹ̀rọ Tí Ó Gbé Ọ̀bẹ Kalẹ̀ Nítorí Ẹ̀yìn-Ọ̀pẹ

Igbotako,
Oṣù Kẹwàá, 1996.

Ayọ̀kúnlé,

Lucy ni ó ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí, tíṣà ará Ìjẹ̀ṣà tí ó háyà yàrá òde lọ́dọ̀ wa. Mo ti sọ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kí ó kọ, kí ó má ṣe fi gírámà bò ó mọ́lẹ̀, nítorí ìyá bàbá rẹ ni mí, n kì í ṣe ọ̀gá rẹ. Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Àkúrẹ́? Ṣé o ń sùn, ṣé o ń jẹun? Kí Ẹni tí ó jí wa níhìn-ín má ṣe gbàgbé ibi tí o sùn sí. Àwa náà wà. Eékún mi ọ̀tún ń dùn mí, ti òsì kò dùn mí. Òjò pọ̀, igi kò gbẹ, ẹ̀gẹ́ tí mo fẹ́ fi ṣe púpurú bu kí iná tó mú un, mo dà á fún ẹlẹ́dẹ̀. Ewúrẹ́ mi bí méjì, ọ̀kan kú. Benedict àbúrò bàbá rẹ ní kí n kí ọ, ó tún ti gbàgbé aṣọ mi sí Òde-Ayé. Ọ̀rọ̀ ilé tán.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yín. Nínú lẹ́tà tí o kọ lóṣù tó kọjá, o ní kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi sí ọ lọ́wọ́, tí ó ń bá yín ṣírò omi àwọn abúlé, ń dákú lẹ́nu iṣẹ́, pé ẹ ó pa á, ẹ ó tún un tàn, yóò tún bẹ̀rẹ̀ dáadáa, yóò sì tún dákú. O ní ọ̀gá rẹ sọ pé bí ìṣirò náà kò bá parí kí oṣù yìí tó tán, òun kò ní fi orúkọ rẹ sínú ìwé àwọn òṣìṣẹ́ gidi, kí o máa bọ̀ nílé. Mo gbọ́. Ilé kò kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n yàrá tí ìwọ ń sùn tẹ́lẹ̀ ni Lucy wà, ó sì ti san ti ọdún yìí.

O ní ẹnìkan ti Ìbàdàn wá wò ó, ó ní àìsàn tí ń ràn ni ó mú un, ó sì fún un lóògùn. Bí ó bá ń ràn lóòótọ́, bo ẹnu rẹ bí o bá jókòó sí iwájú rẹ̀. O ní nígbà tí oògùn kò ràn án, wọ́n lọ ra ohun tí yóò máa fi rántí nǹkan, wọ́n fi í sí ikùn rẹ̀. Bí wọ́n bá ń tà á lọ́tọ̀, ra ti Benedict. Lẹ́yìn èyí wọ́n gbé ẹ̀rọ tí ń fẹ́ atẹ́gùn tútù wá nítorí ooru, ìwọ bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́, òun kò wúkọ́, ó sì tún dákú.

Ayọ̀kúnlé, nígbà tí ẹ̀rọ tí Àkànmú fi ń lọ ẹ̀gẹ́ fún wa ń dákú lọ́dún tó kọjá, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni òun náà ṣe. Ó ra bẹ́líìtì, ó ra pọ́lọ́ọ̀gì, ó gbé mẹkáníìkì wá láti Òkìtìpupa. Èmi lọ jókòó síbẹ̀, mo bi í léèrè pé ẹ̀gẹ́ ta ni ó wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí ó dúró. Ó ní ti Juliet ni. Mo ní ti ìṣáájú ńkọ́? Ó ronú, ó ní ti Juliet náà ni. A da abọ́ Juliet sílẹ̀, a bá irin ọkọ́ tó ti ṣẹ́ nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé bí ẹ̀rọ bá dúró, ohun tí a fi sí i lẹ́nu gbẹ̀yìn ni à á wò, kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí na owó sí ikùn rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí Lucy kọ̀wé pé kí o fi orúkọ àwọn abúlé náà ránṣẹ́ bí ẹ ṣe tò wọ́n, kí o sì sọ ibi tí ẹ̀rọ ń dé kí ó tó ṣubú. Mo mọ̀ pé o rẹ́rìn-ín. Ó dára tí o fi ránṣẹ́.

Lucy kà á fún mi ní ẹ̀yìnkùlé, bí ó bá ti ka abúlé kan, èmi á fi èkùrọ́ kan sílẹ̀. O ní ẹ̀rọ máa ń parí ogójì, kò tíì kọjá ibẹ̀ rí. Nígbà tí èkùrọ́ pé ogójì, mo ní kí ó rọra. Ìkọkànlélógójì ni Ẹ̀yìn-Ọ̀pẹ. Lucy ní wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kànga kan, èèyàn òdo. Mo bi í pé kí ni òdo. Ó ní àmì tí a fi ń sọ pé kò sí nǹkan ni. Mo ní bí kò bá sí nǹkan, kí ni wọ́n ń kọ sílẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é. Mo fi í sílẹ̀. Mo bi í pé kí wá ni ẹ̀rọ fẹ́ fi kànga kan àti òdo èèyàn ṣe. Ó ní o sọ ọ́ nínú lẹ́tà pé yóò pín omi kànga náà fún iye èèyàn tí ó wà níbẹ̀, láti mọ ohun tí ó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan.

O mọ̀ pé èmi ni mo ń pín ẹran ní ìdílé yìí láti ìgbà tí ìyá ọkọ mi ti kú. Kí n tó gbé ọ̀bẹ, mo máa ń bèèrè pé ojúlé mélòó ni. Bí wọ́n bá ní mẹ́fà, mo gé e sí mẹ́fà. Bí wọ́n bá ní ọ̀kan, mo gbé gbogbo rẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá dúró tì mí pé kí n pín in fún ojúlé tí kò sí níbì kankan, n kò ní mọ ibi tí n ó ti gé e. N ó gbé ọ̀bẹ kalẹ̀, n ó sì máa wo ẹni náà. Ohun tí ẹ̀rọ yín ń ṣe nìyẹn. Kò dákú. Ó gbé ọ̀bẹ kalẹ̀, ó ń wò yín, ẹ̀yin sì ń fún un lóògùn.

Lucy dáwọ́ ìwé kíkọ dúró níbí, ó ní òtítọ́ ni, pé ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pàápàá àwọn ń kọ́ ọmọ pé a kì í fi òdo pín nǹkan. Mo bi í pé kí wá ni wọ́n fi ọdún mẹ́rin kọ́ ìwọ Ayọ̀kúnlé ní yunifásítì. Ó ní kí òun má kọ ìyẹn. Mo ní kí ó kọ ọ́.

Ṣùgbọ́n òdo yẹn kò wọ̀ mí létí. Lóòótọ́ ni àwọn ará Ẹ̀yìn-Ọ̀pẹ ti kó wá sí etí títì nítorí mọ́tò àti ilé ìwé, ṣùgbọ́n epo ṣì ń ti ibẹ̀ wá sí ọjà, epo kì í fún ara rẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì mo gun ọ̀kadà dé ibi tí ọ̀nà tán sí, mo fi ẹsẹ̀ rin ìyókù. Ilé mẹ́sàn-án ni mo kà, mẹ́jọ ti wó. Gbogbo ọ̀nà ti di igbó, àfi ọ̀nà kànga nìkan. Koríko kì í yà fún ẹni tí kò sí. Mo tọ ọ̀nà náà lọ, mo bá Catherine níbi tí ó ti ń fún epo, opó tí a jọ ń ná ọjà Akotogbo nígbà tí ẹsẹ̀ wa ṣì gbà á. Òun nìkan ni ó kù síbẹ̀. Ó ní àwọn ọmọ òun wá kó òun lẹ́ẹ̀mejì, òun kò lọ.

Mo bi í pé ṣé kò rí àwọn tó wá ka èèyàn ni. Ó ní òun rí wọn. Ọkùnrin méjì, ìwé lọ́wọ́, bàtà wọn ń dán. Ó ní owó orí ni òun rò pé wọ́n wá gbà, ni òun bá wọlé, òun ti ilẹ̀kùn, òun jókòó sórí àpótí. Wọ́n pè, wọ́n kan ilẹ̀kùn, wọ́n fa omi kànga òun mu, wọ́n lọ. Wọ́n mu omi obìnrin náà tán, wọ́n kọ ọ́ pé kò sí ẹnikẹ́ni. Mo sọ fún un pé nítorí àpótí tí ó jókòó lé, ẹ̀rọ kan ti ń ṣubú ní Àkúrẹ́ láti oṣù tó kọjá, ọmọ ọmọ mi sì fẹ́ pàdánù iṣẹ́. Ó ní ṣé ẹ̀rọ náà tóbi. Mo ní o ní ó tó tẹlifíṣọ̀n. Ó ní òun kò mọ̀ pé òun ṣì wúwo tó bẹ́ẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, n kò ní purọ́ fún ọ, ó bu epo fún mi. Ó ní òun gbà kí ẹ kọ òun, bí ẹ kò bá ti ní kà òun mọ́ ará Igbotako.

Nítorí náà, níbi tí wọ́n kọ òdo sí, kọ ọ̀kan. Kí ẹ̀rọ gbé gbogbo kànga náà fún Catherine. Lucy tún wo ìwé náà síwájú, ó rí òdo mìíràn ní ìkejìdínlọ́gọ́ta, Òkè-Ìrókò. Ìyẹn, òdo gidi ni. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni ó kú gbẹ̀yìn níbẹ̀, àwa ni a sin ín, a sì yọ ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ fi bo kànga. Má ṣe kọ ẹnikẹ́ni síbẹ̀ nítorí kí ẹ̀rọ má bàa dúró. Yọ ọ́ kúrò. Lucy ní kí o sì kọ́ ẹ̀rọ náà kí ó máa bèèrè bóyá èèyàn wà kí ó tó pín, bí ó bá bá òdo, kí ó fò ó, kí ó kọ orúkọ abúlé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Èmi ní kí ẹni tó ní ẹsẹ̀ wá lọ wo ibẹ̀, kí ó sì wo ọ̀nà kànga.

Fi owó ọ̀kadà àlọ àti àbọ̀ ránṣẹ́, àti ti òróró tí mo fi ra eékún nígbà tí mo dé. Ra okùn kànga fún Catherine, èyí tó nípọn, tirẹ̀ ti já, ojú mẹ́rin ni ó ti so ó. Ra bírò fún Lucy, ọ̀rọ̀ rẹ yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mu tirẹ̀ tán. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí wọ́n kọ òdo sí iwájú orúkọ rẹ níbikíbi. Àmín.

Ọ̀gá rẹ ni kí o kọ́kọ́ sọ fún, má sì dárúkọ mi, ọ̀gá kì í fẹ́ gbọ́ irú rẹ̀. Bí orúkọ rẹ bá ti wọ ìwé tán, kí o wá sọ òtítọ́. Lẹ́yìn náà, sọ fún ará Ìbàdàn yẹn pé ẹ̀rọ kò ṣàìsàn, kí ó jẹ́ kí ó sinmi. Àríyọ̀ awakọ̀ takisí tí ó gbé ìwé yìí fún ọ ń padà bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣe iṣẹ́ náà lójú rẹ kí ó tó lọ, kí o sì wò ó dáadáa bí ó bá dé ìkọkànlélógójì. Bí ó bá kọjá, sọ fún Àríyọ̀, kí Àríyọ̀ sọ fún Àkànmú nídìí ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́, Àkànmú yóò sọ fún mi. Èmi ni n ó lọ sọ fún Catherine. Ó ní láti Ọjọ́bọ̀ lọ, ìta ni òun yóò jókòó sí, òun kò ní ti ilẹ̀kùn.