Òbúkọ Jẹ Apá Aṣọ Asa

Adùnọlá ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà, ṣé òtútù Piacenza kò rí ọ gbé ṣe? Olúwa tó mú ọ gòkè òkun kò ní fi ọ́ sílẹ̀ síbẹ̀. Àlàáfíà ni a wà nílé, àfi orúnkún mi tó máa ń mọ̀ pé òjò ń bọ̀ kí òjò tó ṣú.

Victory, ará ìjọ yín tó wá sílé, ti jíṣẹ́ aṣọ tí o rán an. Ó tutù sára, ó sì bá mi mu. Nígbà tí o pè mí lórí fóònù tí ń fi ojú hàn, tí o ní àwọn ará Japan tó hun ún ń pe ewéko tí wọ́n fi ṣe é ní asa, mo dúpẹ́. Ìgbà tí o wá fi kún un pé ọmọ ìyá igbó tí àwọn ọmọọ̀ta ń fà ni, ṣùgbọ́n pé aṣọ rẹ̀ kì í pa ènìyàn bí ọtí, mo rò pé ìwọ náà ti ń fà á. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o sún mọ́ fóònù, kí n wo ẹyinjú rẹ. Mo wò ó, ó pọ́n yòò. O ní turno di notte ni, pé òru lẹ fi ń kó ẹrù ní magazzino, ilé ìkẹ́rùsí tí o ti ń ṣiṣẹ́. Mo ní ó dára, ṣùgbọ́n n kò gbà ọ́ gbọ́. Mo tún gbóòórùn fóònù náà wò, bóyá èéfín á bá a wá, òórùn ata ọwọ́ mi nìkan ni mo gbọ́.

Ọmọ mi, ọkàn mi ò balẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, mo gbé aṣọ náà lọ bá òbúkọ Àlímì aládùúgbò wa, nítorí ohun tí kò bá ṣe òbúkọ kò lè ṣe ènìyàn. Mo na apá aṣọ kan sí i pé kó tọ́ ọ wò, ló bá jẹ ẹ́ tán. Èmi àti Àlímì jókòó tì í títí oòrùn fi yí. Kò fì sọ́tùn-ún fì sósì, kò bú ẹnikẹ́ni, ojú rẹ̀ mọ́ kedere, apá kejì ló ń wò.

Ibẹ̀ ni omi ti bọ́ lójú mi. Bí kì í bá ṣe asa ló ń mú ojú pọ́n, a jẹ́ pé òótọ́ lo sọ, oorun ni kò tó ọ. Ìyẹn wá dùn mí ju igbó lọ, nítorí igbó ṣeé gbààwẹ̀ lé lọ, ṣùgbọ́n n kò mọ ààwẹ̀ tí wọ́n ń gbà kí oorun tó wá.

O mọ̀ mí, owó ni mo máa ń tọrọ nísàlẹ̀ lẹ́tà. Lọ́tẹ̀ yìí, apá aṣọ ni. Má fi rán Victory o. Apá mi ti tín-ín-rín ju bí o ṣe mọ̀ ọ́n lọ, ìwọ fúnra rẹ ni kó wá wọ̀n ọ́n. Mo ti sá ẹní rẹ sóòrùn. Kọ́kọ́ wá sùn, bí o bá jí, a ó wọn aṣọ.

Olúwa yóò ṣọ́ ọ lọ, yóò ṣọ́ ọ bọ̀.

Èmi ìyá rẹ, Àyọ̀kẹ́, tó ń wọ aṣọ alápá kan lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.